Erékùṣù Málítà: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Arìnrìn-àjò Mọ̀ Kí Ó Tó Gbéra

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa, tí a sì tẹ̀ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn ọmọ ìlú tí ó wà nílé àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi.

 

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá ròyìn ìrìn-àjò tí àwa olùkọ́ mẹ́rin rìn lọ sí erékùṣù Málítà ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, a kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. A bi ara wa léèrè pé kí ni ìlú wa fẹ́ fi ìròyìn erékùṣù kékeré kan láàárín òkun ṣe. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dé, kò sí oṣù kan tí ẹnìkan kì í wá sí ilé wa láti bèèrè ọ̀nà. Àwọn kan fẹ́ lọ wo ibi tí ọkọ̀ Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ti fọ́. Àwọn kan fẹ́ lọ sinmi níwọ̀nba ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn mìíràn, kí a má fi ọ̀rọ̀ pamọ́, fẹ́ wọlé bí àlejò, kí wọ́n má sì padà mọ́. Gbogbo wọn pátá ni ọ̀rọ̀ òní wà fún.

Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa lónìí ni kí a fi ojú tiwa, tí ó ti ríran díẹ̀, yá yín lò.

IRÚ ILẸ̀ TÍ MÁLÍTÀ JẸ́

Málítà wà ní àárín Òkun Mẹditaréníà. Erékùṣù Sísílì ti ilẹ̀ Ítálì wà ní àríwá rẹ̀, ilẹ̀ Líbíà sì wà ní gúúsù. Erékùṣù tí ó tóbi jù ni à ń pè ní Málítà, èyí tí ó tẹ̀ lé e ni Gozo, Comino kékeré sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí a bá wọn gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀, kò ju 316 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ọdún 2021, wọ́n jẹ́ 519,562. Kò sí odò kankan tí ń ṣàn yípo ọdún níbẹ̀. Èyí tí ó ju ìdajì omi tí wọ́n ń mu lọ ni wọ́n ń fà láti inú òkun, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Omi ẹ̀rọ wọn kò léwu, ṣùgbọ́n ó ní adùn iyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń ra omi inú ìgò.

Olú-ìlú wọn ni Valletta. Ọdún 1566 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ará Tọ́kì dó ti erékùṣù náà tí wọn kò sì rí i gbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọba lé wọn lórí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jọba lé wa lórí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1942, nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lé wọn lórí bí òjò, Ọba George Kẹfà fi àmì-ẹ̀yẹ George Cross dá gbogbo erékùṣù náà lọ́lá, àmì náà sì wà lára àsíá wọn títí di òní. Ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1964 ni wọ́n gba òmìnira, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tiwa. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2004 ni wọ́n wọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2008 sì ni wọ́n ti ń ná owó Yúrò.

A ka gbogbo èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ ìdí tí àwọn ohun kan kò fi ní ṣàjèjì sí yín níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìjọba pẹ̀lú èdè tiwọn. Ihò iná mànàmáná ara ògiri wọn gba orí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò nílé, agbára iná wọn kò sì yàtọ̀ sí tiwa. Agogo wọn bá tiwa mu ní ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ní tiwọn yóò rí i pé agogo Málítà fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn ní gbogbo ìgbà. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rántí bí ọkọ̀ ṣe ń rìn nílẹ̀ wa kí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tó dé, ẹ ó mọ ohun tí à ń wí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣọ́ra! Bí ẹ bá fẹ́ sọdá títì, ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ̀RỌ̀ ÌWÉ

Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí ni èyí, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi etí sí i dáadáa.

Málítà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè 29 tí ó fi ẹnu kò láti máa lo ibodè kan ṣoṣo, tí à ń pè ní Schengen. Ẹni tí ó bá di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mú gbọ́dọ̀ gba físà Schengen kí ó tó lè wọ ibẹ̀. Kì í ṣe àwa tí a wà nílé nìkan ni òfin yìí dè. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, bí ìwé ìrìnnà yín bá jẹ́ ti Nàìjíríà síbẹ̀, àṣẹ láti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó láti fi wọ Málítà, àfi kí ẹ gba físà. Ẹni tí ó bá ti gba ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà ni ó lè lọ fún ìbẹ̀wò láìgba físà, òun náà kò sì gbọdọ̀ ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́.

Àwọn ohun tí wọ́n ń bèèrè nìyí. Ìwé ìrìnnà tí kò tíì pé ọdún 10 tí a ti gbà á, tí yóò sì wúlò fún oṣù 3 ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kúrò níbẹ̀, tí ojú ìwé 2 sì ṣófo nínú rẹ̀. Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tí yóò gbé owó ìtọ́jú àìsàn tó 30,000 Yúrò ó kéré tán. Ẹ̀rí ibi tí ẹ ó sùn, ẹ̀rí owó tí ẹ ó ná, ẹ̀rí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nílé, àti ìwé ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Owó físà jẹ́ 90 Yúrò fún àgbà àti 45 Yúrò fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Ọmọ tí kò tó ọdún 6 kì í san nǹkan. A lè mú ìwé náà wá láti oṣù 6 ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ọjọ́ tí ó kù kò sì gbọdọ̀ dín ní 15. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3 ṣáájú, nítorí ẹni tí ó bá ń kánjú ni ọwọ́ gbájú-ẹ̀ ń tẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni físà yín gbà yín láyè láti wọlé tàbí ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó bá ní ti ẹ̀ẹ̀kan, tí ó ti Málítà fò lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti jáde kúrò nínú ibodè Schengen nìyẹn. Kò tún lè padà wọ Málítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Málítà lọ sí Sísílì kò tíì jáde, nítorí ibodè kan náà ni.

Ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà lọ, kí ó mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí yẹ́lò káàdì. Kí ó má sì jẹ́ èyí tí a rà ní ẹ̀gbẹ́ títì láìgba abẹ́rẹ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ẸNI KARÙN-ÚN WA

Ẹ ti gbọ́ pé àwa mẹ́rin ni a lọ. Márùn-ún ni a jọ pinnu. Ẹni karùn-ún wa jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ pé kí a sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìlú, kí ẹlòmíràn má baà kó sí i.

Olùkọ́ bíi tiwa ni, ó sì ju ọdún 20 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àsìkò ìwé dé, ó ń ṣe àmì ìdánwò lọ́sàn-án lóru, kò sì ráyè. Àwa ni a gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gbé ìwé rẹ̀ fún ọkùnrin kan tí ń bá àwọn ènìyàn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa ni a mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà wo ìwé báńkì rẹ̀, ó ní owó ibẹ̀ kò gbayì, ó sì fi òmíràn tí ó kún dáadáa rọ́pò rẹ̀. Ó tún kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún. Ọ̀rẹ́ wa fi ọwọ́ sí i láìkà á tán. Àwa pẹ̀lú kò yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni àwa ń kọ tiwa lọ́wọ́ pẹ̀lú òtítọ́.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Wọ́n fún àwa mẹ́rin ní físà, wọ́n sì kọ̀ fún un, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìwé tí ó mú wá kì í ṣe òtítọ́. Owó tí ó san kò padà wá. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé owó oṣù rẹ̀ tòótọ́ tó ohun tí wọ́n bèèrè. Ọgbọọgba ni tirẹ̀ àti tiwa. Irọ́ tí a pa fún un kò ṣe é láǹfààní kankan, òun gan-an ni ó tì í lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti tún ìwé mú lọ lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìgbà náà pẹ̀lú òtítọ́ pọ́ńbélé, wọ́n sì tún kọ̀, nítorí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n àwa kò tíì lè gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ìwé yín. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ pe ọmọ yín tàbí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí yín kí ó kà á sí yín létí láti òkè dé ilẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ka. Láti òní lọ, ilé wa ṣí sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta gbogbo, a kò sì ní gba kọ́bọ̀.

ỌNÀ ÀTI ÌWỌ̀LÉ

Láti ilé, ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni kí a yí ọkọ̀ òfurufú padà ní Istanbul tàbí ní Frankfurt. Ẹ rántí pé Frankfurt wà nínú ibodè Schengen; ẹni tí ó bá gba ibẹ̀, ibẹ̀ ni oníbodè yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe Málítà. Láti Lọ́ńdọ̀nù, ìrìn náà ju wákàtí 3 lọ díẹ̀. Kí ẹ má di ìwé yín sínú àpótí tí ẹ ó fi sí ikùn ọkọ̀. Ẹ kó o sínú àpò ọwọ́, nítorí oníbodè lè bèèrè ibi tí ẹ ó sùn àti ọjọ́ tí ẹ ó padà. Ẹ dá a lóhùn ní ṣókí, kí ohùn yín sì bá ìwé yín mu.

Ní ìgbà tí àwa lọ, ońtẹ̀ ni wọ́n lù sínú ìwé wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gba àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka àwọn àlejò ní ibodè Schengen. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń ka ọjọ́. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ kan kọjá àṣẹ, ẹ̀rọ á mọ̀, wọ́n sì lè fi òfin dè é kí ó má wọ gbogbo orílẹ̀-èdè 29 náà fún ọdún púpọ̀.

Òfin tún wà lórí ẹrù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti òde ilẹ̀ Yúróòpù wá kò gbọdọ̀ kó ẹran tàbí wàrà wọlé. Ẹ̀yin ìyá wa, pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ àti wàràkàṣì wà nínú rẹ̀ o. Iṣu, ewé àti ata tútù pẹ̀lú kò lè wọlé láìní ìwé ẹ̀rí ìjọba pé kòkòrò kò sí lára wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Oògùn tí dókítà kọ fún yín, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá tó 10,000 Yúrò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún oníbodè.

Ẹ pààrọ̀ owó kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí Náírà kò níyì lọ́wọ́ àwọn onípààrọ̀ owó ibẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ ó pè bí iná bá sọ, bí àìsàn bá dé tàbí bí ẹ bá ń wá ọlọ́pàá ni 112. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tí ó ní káàdì ìlera GHIC lè lò ó ní ilé ìwòsàn ìjọba wọn. Àwa ará ilé, ìwé adójútòfò ni agbára wa.

ÌRÌNKIRI, OJÚ ỌJỌ́ ÀTI OÚNJẸ

Kò sí ọkọ̀ ojú irin ní Málítà. Bọ́ọ̀sì ni àlejò ń wọ̀, ó sì ń dé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìlú. Nígbà tí a lọ, 2.50 Yúrò ni a ń san ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìwé kan náà sì ń gbé wa fún wákàtí 2, bí a tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tí a tún wọ òmíràn. Ẹ na ọwọ́ sí awakọ̀ kí ó lè dúró. Bí ẹ bá dúró bí òpó, yóò kọjá yín. Láti lọ sí Gozo, ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Ċirkewwa, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ń gbé ènìyàn àti mọ́tò. Kò ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Kò sí ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ wa nígbà tí a ń lọ, a sì rò pé a ti ṣẹ̀ sí òfin. Àṣé nígbà tí ènìyàn bá ń padà bọ̀ láti Gozo ni à ń sanwó.

Oòrùn oṣù kẹjọ ibẹ̀ kò ṣe é fojú di. Àwa tí a rò pé ọmọ ilẹ̀ oòrùn ni wá, agbòòrùn ni a rà ní ọjọ́ kejì. Òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ ní ìgbà náà, òkúta funfun tí wọ́n fi kọ́ ilé sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ènìyàn lójú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le, kí ó lọ ní oṣù kẹrin, ìkarùn-ún tàbí ìkẹwàá. Títì Valletta kún fún àtẹ̀gùn òkúta, nítorí náà bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀. Ní àwọn ìlú kéékèèké, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ó ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán tí wọ́n sì ń ṣí i padà ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti oúnjẹ, ọbẹ̀ ehoro ni oúnjẹ àpọ́nlé wọn. Wọ́n ní ìpápánu kan tí wọ́n ń pè ní pastizzi, ìyẹ̀fun tí a fi wàràkàṣì tàbí ẹ̀wà lílọ̀ sí nínú tí a sì yan. Ó ń yó ni, kò sì wọ́n. Ẹja òkun pọ̀. Ata nìkan ni ẹ ó wá tì.

ÈDÈ ÀTI ÌWÀ

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ohun tí ó wú wa lórí jù ni èdè wọn. Inú èdè Lárúbáwá ni ó ti ṣẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ Ítálì sì dà pọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà Róòmù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú àmì lórí àwọn lẹ́tà kan, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń fi àmì sí tiwa. Ọjọ́ tí àwa ń pè ní Jímọ̀, il-Ġimgħa ni wọ́n ń pè é. Alàmísì wa, il-Ħamis ni tiwọn. Ìbátan ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, nítorí orísun Lárúbáwá kan náà ni. Ọdún 1934 ni a fi èdè náà ṣe èdè ìjọba, láti ọdún 2004 sì ni ó ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ń fi ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn tí kò ju ìdajì mílíọ̀nù lọ púpọ̀ ni ó ń sọ èdè yìí nílẹ̀ wọn, wọ́n sì ń fi kọ ìwé ìròyìn. Kí àwa òbí tí a ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá nílé rò ó wò.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ méjì péré: Bonġu ni ẹ káàárọ̀, Grazzi sì ni ẹ ṣeun. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó ti lejú mọ́ wa tẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí a kí i ní èdè rẹ̀.

Ìjọ Àgùdà ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn gbọ́dọ̀ bo èjìká àti orúnkún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Jòhánù Mímọ́ ní Valletta, níbi tí àwòrán ńlá tí Caravaggio yà ní ọdún 1608 nípa bí wọ́n ṣe bẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi wà, wọn kì í gba bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó, nítorí ojú ibojì àwọn ọlọ́lá ni ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Ẹ̀yin mùsùlùmí, mọ́ṣáláṣí wà ní ìlú Paola.

Oṣù kẹjọ ni ìgbà ọdún wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ẹni mímọ́ tirẹ̀, àwọn ọmọ wọn tí ó ti ṣí lọ sí Ọsirélíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a sì máa padà wálé fún un, bí ẹ̀yin ti wálé lónìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ 15 oṣù náà, ìró kan dún tí ó mi fèrèsé wa. Ọ̀kan nínú wa ti wọ abẹ́ ibùsùn kí onílé tó wá sọ fún wa pé ẹ̀tù ọdún ni wọ́n ń yìn.

ÀWỌN IBI TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ DÉ

Mdina ni olú-ìlú wọn àtijọ́, odi yí i ká, ẹsẹ̀ sì ni à ń fi rìn ín. Ní Gozo, tẹ́ńpìlì òkúta Ġgantija ti wà fún ohun tí ó ju 5,000 ọdún lọ. Ní Paola, ibojì abẹ́ ilẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Hypogeum. Ènìyàn 10 péré ni wọ́n ń jẹ́ kí ó wọ ibẹ̀ ní wákàtí kan, nítorí náà ẹ sanwó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú, kí ojú má baà tì yín lẹ́nu ọ̀nà bí ó ti tì wá. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ihò àpáta ńlá etí òkun Gozo hàn yín pé kí ẹ sanwó láti lọ wò ó, ẹ má dá a lóhùn. Àpáta náà ti wó sínú òkun ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2017.

Ẹ̀yin Kristẹni mọ ìtàn Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Mélítà ni Bíbélì wa àtijọ́ pe erékùṣù yìí. Etí omi kan ń jẹ́ orúkọ Pọ́ọ̀lù níbẹ̀ títí di òní, ṣọ́ọ̀ṣì tí a fi sọrí ìfọ́kọ̀ rẹ̀ sì wà ní Valletta. A ka orí 27 àti 28 sókè létí omi náà. Ohun tí ó gbà wá lọ́kàn ni pé Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún wọn pé àsìkò náà kò dára fún ìrìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olówó ọkọ̀ ni balógun gbà gbọ́. Ọkọ̀ fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn 276 inú rẹ̀ gúnlẹ̀ láàyè, àwọn ará erékùṣù sì dáná fún wọn nínú òjò àti òtútù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí òkun náà gbé ni ó gúnlẹ̀. Ní ìlú Paola kan náà, ibi ìsìnkú ńlá kan wà tí à ń pè ní Addolorata. A lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n sin òkú 24 sí nínú àwọn tí ọkọ̀ wọn rì ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2015 nígbà tí wọ́n ń ti Líbíà bọ̀. Àwọn tí ó kú nínú ọkọ̀ náà ju 700 lọ. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ará Málítà sìnkú wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, àlùfáà àti imáàmù sì jọ gbàdúrà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ orúkọ tí wọn ì bá kọ sí ibojì. Ìyá kan wà níbìkan tí ó ṣì ń retí ìwé láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin ni a fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé aṣálẹ̀ àti ọkọ̀ rọ́bà ni ọ̀nà Málítà, olówó ọkọ̀ ni. Owó yín ni ó ń wò. Bí ìwé yín kò bá tíì pé, ẹ dúró kí ó pé. Ẹni tí ó dúró nílé lè lọ ní ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì rí físà gbà, ẹ lọ, ẹ wò, kí ẹ sì padà ní ọjọ́ tí ẹ dá. Bí ọmọ ìlú kan bá fi orúkọ àlejò wọlé tí ó sì sá pamọ́, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà lẹ́nu ibodè. A ti rí ohun tí ìwé èké kan ṣoṣo ṣe fún ènìyàn rere kan láàárín wa. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi.